ALÁJẸṢẸ́KÙ NI WÁ, NÍ IBÙSÙN PẸ̀LÚ
Ẹ̀kọ́ oṣù yìí, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sùn lọ́nà ọjà

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe lórí owó ìpín tàbí èlé. Ó dá lórí ibi tí a ń sùn nígbà tí ọjà bá gbé wa jìnnà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n gba ọ̀nà Òkè-Ògùn lọ láti ra èlùbọ́. Ọjà náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ná tán lójúmọ́ kan. Ó ti pẹ́ tí àwa ará Ìwó ti ń sùn sọ́dọ̀ ìyá kan níbẹ̀, tó ní àtíbàbà ńlá lẹ́yìn ilé. Kì í gbà ju owó omi lọ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀ kí i, ìyá ní:

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá ibòmíràn sùn. N ò gba ará Ìwó mọ́.”

Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ máa bínú. Kí la ṣe?”

“Ẹ̀yin kọ́. Àwọn tó wá ṣáájú yín ni. Wọ́n dáná sí ìdí òpó, òpó jó. Wọ́n yàgbẹ́ sẹ́yìn kànga. Igi ìdáná tí mo kó jọ, wọ́n sun ún tán, wọn ò dá ẹyọ kan padà. Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n jáde bá wọn wí, wọ́n ti lọ. Wọn ò tiẹ̀ dágbére.”

Báyìí ni àwọn ìyá wa ṣe sùn sí gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù wọn. Ní òru, òjò dé tòun ti ìjì. Àpò èlùbọ́ 14 ni wọ́n rà. 9 ló rin gbingbin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èlùbọ́, ẹ mọ̀ pé èyí tó bá ti rin bẹ́ẹ̀, kó tó délé ni yóò ti bu. Owó ẹgbẹ́ ló wà nínú àpò wọ̀nyẹn. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí, wọ́n ṣì ń san ẹ̀yáwó náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó sun igi onígi tán kọ́ ló jẹ gbèsè. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ló jẹ ẹ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà.

BÍ ÀWỌN ÀGBÀ ṢE Ń SÙN LỌ́NÀ

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ṣáájú ìgbà náà, orí ni ẹrù ń gùn, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀. Àwọn oníṣòwò àti aláàárù a máa rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pàápàá nígbà ogun, bí irú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò tú ká lójú ìjà títí di 1893. Ẹni tó bá dá rìn tàbí tó dá sùn, wọ́n lè jí i gbé tà. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, olúkúlùkù ti mọ ilé tí yóò wọ̀.

Sísùn sí gbangba kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ní Disẹ́mbà 1825, Òyìnbó kan, Hugh Clapperton, kúrò ní Àgbádárìgì, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ní òru àkọ́kọ́ ìrìn wọn, gbangba ni òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e sùn. Ojú ọjà ni wọ́n tún sùn lóru kan. Ibà kọlù wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, méjì nínú wọn, Pearce àti Morrison, ti kú. Àwọn èèyàn ìgbà náà dẹ́bi fún ìrì òru. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, tí ayé sì wá mọ ohun tó ń pa àwọn tó ń sùn sí gbangba.

Ẹ tún wo Sábó ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916 fún àwọn Hausa. Ẹni tó bá kó màlúù wá láti òkè Ọya, tàbí tó wá ra obì, ilé bàbá onílé ló ń wọ̀. Bàbá onílé a fún un ní yàrá àti oúnjẹ, kò ní gba owó ilé. Lára ọjà tó bá bá a tà ni yóò ti rí èrè tirẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Òun náà ni onígbọ̀wọ́: bí apẹran bá ra màlúù láwìn tí kò san, ọrùn bàbá onílé ni gbèsè wà. Abner Cohen kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ Sábó yìí ní 1969. Ẹ ò rí i pé okùn kan náà ló so ibùsùn pọ̀ mọ́ àwìn? Ẹni tó bá ba ibùsùn jẹ́, ọjà ló bà jẹ́.

ÀWỌN TÓ Ń RÌN LÓKÈ ÒKUN

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Lókè òkun, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù lórí òkè àti nínú igbó. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń ná, fàájì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òfin wọn dára.

Ní Norway, ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868 ń bójú tó ilé ìsinmi tó ju 500 lọ káàkiri orí òkè. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni kò ní olùtọ́jú tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nínú àwọn mìíràn, oúnjẹ wà níbẹ̀: o lè mú ohun tó o bá fẹ́, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì san owó rẹ̀. Kí o tó lọ, o gbọ́dọ̀ fọ abọ́, kí o gbálẹ̀, kí o sì gé igi wọlé dè ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹni tó pẹ́ dé bá bá ilé tó kún, wọn kì í lé e padà sínú òtútù. Wọn a sún mọ́ra.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1937, gígùn rẹ̀ sì ju kìlómítà 3,500 lọ. Àtíbàbà tó ju 250 lọ ló wà lẹ́bàá rẹ̀. Ògiri mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, iwájú ṣí sílẹ̀, bí ìsọ̀ ọjà wa gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹrù gba àyè de ọ̀rẹ́ rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ṣáláńgá, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ yóò rìn tó mítà 60 kúrò létí omi, yóò gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, yóò sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ wá wo orúkọ tiwa. Alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Norway ń fi igi ìdáná ṣe, òun náà là ń fi náírà ṣe nínú ẹgbẹ́. Kí ló wá dé tí a fi jẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ìwé owó, tí a sì di ajẹtán ní ibùsùn?

ÒFIN IBÙSÙN

1. Ẹ kí onílé kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ sọ iye yín, iye òru tí ẹ fẹ́ sùn, àti irú ẹrù tí ẹ gbé wá. Ẹni tó bá gbé epo tàbí bẹntiróòlù, kó má ṣe fi í pamọ́ fún onílé.

2. Ẹ tẹ́ ẹní níwọ̀n ara yín. Ẹrù kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé kí èèyàn máa sùn níta. Abiyamọ àti àgbàlagbà ni kí ẹ fún ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí òjò kò ti lè fẹ́ dé. Ẹni tó bá dé lóru, ẹ sún fún un. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀yin lẹ lè pẹ́ dé.

3. Iná. Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìta ni kí ẹ ti dáná, kí ó jìnnà sí òpó, sí koríko àti sí àpò ẹrù. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi sí i, ẹ fi igi tú eérú rẹ̀, ẹ tún da omi sí i. Eérú tó funfun lókè lè ní ẹ̀yinná nísàlẹ̀. Ní ti èédú àti jẹnẹrétọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sínú ìsọ̀ tàbí yàrá tí wọ́n ń sùn, ì báà jẹ́ nítorí òtútù tàbí nítorí olè. Afẹ́fẹ́ burúkú kan wà nínú èéfín wọn tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé òun ń fà á símú. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lára ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e síta sínú afẹ́fẹ́ kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ilẹ̀kùn tí a ṣí díẹ̀ kò tó láti lé e jáde.

4. Omi àti ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ béèrè ṣáláńgá kí ó tó ká yín mọ́ra. Bí kò bá sí, ẹ rántí mítà 60 àti ihò tí a sọ lókè. Ìgbẹ́ tó bá wọ kànga ni onígbáméjì ń gbà wọlé, kò sì ní mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

5. Ẹ bo oúnjẹ. Ajẹkù tí a fi sílẹ̀ lóru ló ń pe eku. Eku sì ló ń gbé ibà Lássà kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tó gba orúkọ ìlú Lássà ní ìpínlẹ̀ Borno. Gàrí tí eku ti tọ̀ sí kì í ṣe ohun à á jẹ, kì í sì í ṣe ohun à á tà.

6. Ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání. Kò wúwo, kò gba àyè. Owó ìtọ́jú ibà ju owó nẹ́ẹ̀tì lọ.

7. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Ẹ yí rédíò sílẹ̀, ẹ má fi fóònù pariwo lóru. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbéra láàárọ̀ kùtù, kó ti di ẹrù rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe agogo mẹ́ta òru la ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn.

8. Ẹ má ka owó lójú èrò. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ ní àṣegbà, kí ẹnì kan má dá a ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́.

9. Àárọ̀ ọjọ́ ìlọ. Òfin yìí ló tóbi jù. Ẹ gbálẹ̀. Ẹ pọnmi sí àmù tí ẹ bu omi nínú rẹ̀. Ẹ dá igi padà, tàbí kí ẹ san owó rẹ̀. Bí ẹ bá ba ohunkóhun jẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ sọ, kí onílé tó rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ dágbére. Àlejò tó jẹ́wọ́ pé òun fọ́ ìkòkò, wọn yóò tún gbà á. Ẹni tó sá lọ nítorí ìkòkò kan ti bá gbogbo ará ìlú rẹ̀ fọ́ ọ.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE PARÍ

A kò fi ọ̀rọ̀ ìyá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ran àwọn ìyá mẹ́ta wọ̀nyẹn padà, a sì fi méjì nínú wa tẹ̀ lé wọn. A gbé òpó tuntun dání àti ẹrù igi kan. Ìyá wo òpó, ó wo igi, ó ní, “Ẹ ẹ́ rí i pé kì í ṣe tìtorí owó.” Ó gbà wá, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa máa mú ìwé akọ̀wé ẹgbẹ́ dání, kí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Láti oṣù yìí lọ, ẹni tó bá yá owó ọjà ọ̀nà jíjìn, akọ̀wé yóò fún un ní ìwé ibùsùn pẹ̀lú owó náà.

Wọ́n a máa ṣàdúrà fún àwa ọmọ Ìwó pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Àmín o. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ tó bá gé ẹ̀ka tó bà lé lulẹ̀, níbo ni yóò bà lọ́la?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(a) Ta ló jẹ gbèsè igi tí wọ́n sun tán lọ́jọ́sí? Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?
(b) Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gbé èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ sínú ibi tí a ń sùn?
(d) Kí ni bàbá onílé ní Sábó fi jọ onígbọ̀wọ́ nínú ẹgbẹ́ wa?
(e) Àlejò tó ń wá ná ọjà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ńkọ́? Ibo ló ń sùn, ta ló sì ń bójú tó o?