Ọmọ wa fẹ́ máa gun ìgbì òkun

Àwa ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ilé wa jìnnà sí òkun. Púpọ̀ nínú wa kò tíì fojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń lọ sí Kútọnù, wọ́n ń lọ sí Lomé. Wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí tàǹtí wọn láti kàwé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí àwa kò rí. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni eré kan tí àwọn Faransé ń pè ní surf. Bí ọmọ bá dé ilé ní àkókò ìsinmi, tí ó sọ pé òun fẹ́ kọ́ eré yìí, inú ilé á gbóná. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ sọ lónìí.

Kí tilẹ̀ ni eré náà? Ẹ̀fúùfù líle tí ó fẹ́ ní ọ̀nà jíjìn lórí òkun ló ń dá ìgbì sílẹ̀. Ìgbì náà á máa rìn bọ̀, ó lè rìn fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí ó bá sún mọ́ ilẹ̀, tí omi kò jìn mọ́, á dìde bí ògiri, á sì wó lulẹ̀. Ẹni tí ń ṣe eré yìí á dùbúlẹ̀ lórí pátákó fífúyẹ́ kan, á máa fi ọwọ́ wa omi bí ẹni ń wa ọkọ̀. Bí ìgbì bá ti gbé e, á dìde dúró lórí pátákó, ìgbì á sì máa gbé e bọ̀ ní etí òkun. Okùn kan ló so pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣubú, pátákó yẹn ni yóò dì mú, nítorí kì í rì.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni. Rárá o. Ní àwọn ọdún 1640, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Michael Hemmersam gbé ní etí òkun tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ó kọ̀wé pé àwọn òbí ibẹ̀ máa ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó, wọ́n á sì jù wọ́n sínú omi kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830, ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì kan, James Alexander, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n fi pátákó sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì kí ó gbé wọn wá sí ilẹ̀. Àwọn ará Hawaii náà ti ń ṣe é láti ayébáyé. Nítorí náà, ọmọ dúdú tí ó gun ìgbì kò ya àṣà ẹnikẹ́ni lò.

Ẹ̀rù tí ń ba òbí ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Òkun Benin àti ti Togo le. Ìgbì rẹ̀ ń wó lulẹ̀ nítòsí ilẹ̀ gan-an, omi tí ó bá sì ti dé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Nígbà mìíràn, á gba ojú kan ṣoṣo padà, bí odò tí ń ṣàn lọ sínú òkun. Omi yìí ló ń gbé ènìyàn lọ. Kì í fà á lọ sísàlẹ̀, ó ń fà á kúrò nílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń bá a jà, tí ó fẹ́ padà tààrà, á rẹ̀ ẹ́, ó sì lè kú síbẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò ní bá a jà. Á jẹ́ kí omi gbé òun léfòó, á na ọwọ́ sókè, á ké sí àwọn tí ó wà lókè. Lẹ́yìn náà, á wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi bọ́ kúrò nínú omi tí ń fà náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ta ló máa mọ èyí? Ọmọ tí ẹnì kan kọ́ ni. Ọmọ tí a ní kó má lọ, tí ó wá yọ́ lọ, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Kò ní mú ẹnikẹ́ni dání, kí ọ̀rọ̀ má baà dé ilé. Bí omi bá ń gbé e lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní «Mi ò fẹ́» nìkan kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí odò, ẹ sọ òtítọ́: ta ló gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kó tó lọ lúwẹ̀ẹ́ nígbà ọmọdé?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọbìnrin kan ní Senegal. Khadjou Sambe ni orúkọ rẹ̀. Ngor, ní Dakar, ni ó ti dàgbà. Ẹ̀yà Lebu ni, apẹja sì ni àwọn Lebu láti ìgbà pípẹ́. Pẹ̀lú bí òkun ṣe wà níwájú wọn tó, àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kó gun ìgbì. Wọ́n ní ohun ìtìjú ni fún ìdílé kí ọmọbìnrin máa ṣe é. Odidi ọdún méjì àti ààbọ̀ ni wọn kò fi gbà fún un. Ọmọ náà kò jáwọ́, ó ń bẹ̀ wọ́n títí tí ọkàn wọn fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, Rhonda Harper, tí ó dá ẹgbẹ́ Black Girls Surf sílẹ̀, ràn án lọ́wọ́, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní California. Òun ni obìnrin Senegal àkọ́kọ́ tí ó fi eré yìí ṣe iṣẹ́. Ó sa gbogbo ipá rẹ̀ kó lè bá wọn díje nínú Olympic tí ó wáyé ní Japan ní ọdún 2021. Kò ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn ní Ngor. Àwọn òbí wọn kò lè sọ mọ́ pé ọmọbìnrin kì í ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé owó wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Díẹ̀ ni àwọn tí ń rí owó. Ohun tí ó dájú ni pé ọmọ á mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ á le, á mọ ìwà òkun, á sì lè yọ ẹlòmíràn nínú omi.

Wàyí o, báwo ni ọmọ ṣe lè sọ ọ́ tí òbí yóò fi gbọ́? Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè ní kíláàsì. Kí ẹni mẹ́ta kà á.

Ọmọ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Bàbá: Ọ̀rọ̀ òkun yẹn náà ni?

Ọmọ: Òun náà ni, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ má tíì sọ pé ẹ gbà. Ẹ kàn wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

Bàbá: Bí omi bá gbé ọ lọ ńkọ́? Kí ni n ó sọ fún ìyá rẹ?

Ọmọ: Inú ọ̀sà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìwẹ̀. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo wọ omi. Ọjọ́ tí òkun bá ń bínú, a kì í wọ̀ ọ́ rárá.

Bàbá: Ìwé rẹ ńkọ́?

Ọmọ: Sátidé nìkan ni. Bí èsì ìdánwò mi bá wálẹ̀, ẹ ní kí n fi sílẹ̀, n ó fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá: Àbúrò, ọmọ yìí kò yọ́ lọ. Ó wá bi ọ́ ni. Èmi á tẹ̀ lé e dé Kútọnù, n ó fojú ara mi rí ọ̀gá náà.

Bàbá: Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ti rí i, tí ó tẹ́ yín lọ́rùn, èmi náà á wá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà o.

Ọmọ yìí gbọ́n. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wá sórí tábìlì. Ó mú àgbà dání, ó sì fi ìwé rẹ̀ dúró. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Bàbá náà gbọ́n: kò pariwo, ó béèrè.

Kí òbí tó gbà, kí ó lọ bi àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n létí òkun níbẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń fà àti oṣù tí ìgbì ń le. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Kí ó wo okùn ẹsẹ̀ bóyá ó ti gbó. Kí ó rí ọ̀gá náà lójúkojú, kí ó sì rí i pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a béèrè.

Ní ti pátákó, kò di dandan kí a ra olówó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀. Italo Ferreira, ọmọ Brazil tí ó gba wúrà àwọn ọkùnrin ní Japan ní ọdún 2021, ọmọ ẹni tí ń ta ẹja ni. Ọmọrí àpótí yìnyín tí bàbá rẹ̀ ń kó ẹja sí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Bianca Buitendag, obìnrin South Africa, gba fàdákà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Èwo nínú ìdáhùn ọmọ náà ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, bí ó bá jẹ́ ọmọ rẹ? Èwo ni kò tíì tó?

Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló ń béèrè, ṣé ìdáhùn yín á yàtọ̀? Nítorí kí ni?

Ẹ ṣírò: ọmọ kan ń gun sẹ́míjàn lọ sí etí òkun ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Lílọ jẹ́ 300 fráǹkì, bíbọ̀ jẹ́ 300 fráǹkì. Bí Sátidé mẹ́rin bá wà nínú oṣù kan, èló ni òbí yóò ná ní oṣù mẹ́ta?