Àjọbí, Àjọgbé àti Àjọjẹ: Èdè Yorùbá Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìmọ̀ Àwùjọ

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ni mo fi rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ kò jìnnà sí ara wọn tó bí a ti ń rò.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń fi ìmọ̀ yìí wo àwùjọ ara wọn. N. A. Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ iṣẹ́ ńlá kan lórí àwùjọ Yorùbá, ó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni a tó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ìwé ní Ìbàdàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 31 ni a fi dúró dè é.

Nígbà tí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti àwùjọ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ìjọba Àpapọ̀ gbà á ní 1975. Láti 1987 ni ó sì ti ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti kọ́ni ní sosiọ́lọ́jì. Ní 1980, nígbà tí ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ṣe fún gbogbo yunifásítì, àjọbí àti àjọgbé ni ó fi ṣe àkòrí.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀, ìlànà kan náà ni a fi ṣẹ̀dá wọn. À- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Jọ ń fi ìṣepọ̀ hàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ lé e: à-jọ-bí, à-jọ-gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọṣe, àjọni, àti àjọjẹ tí òwe sọ pé kì í dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ohun tí ó wù mí nínú ìlànà yìí ni pé ohun tí ó so ènìyàn pọ̀ hàn gedegbe nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọn kò sì wúwo bákan náà lẹ́nu wa. A ń fi àjọbí gégùn-ún fún ọ̀dàlẹ̀ mọ̀lẹ́bí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi àjọgbé ṣẹ́ èpè.

Ní 1986, Akiwowo tẹ̀ síwájú. Nínú jọ́nà International Sociology, ó mú ọ̀rọ̀ àsùwàdà láti inú Ifá, ó ní a lè ti inú rẹ̀ fa ìmọ̀ yọ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń gbé pọ̀. Ní 1990, Lawuyi àti Taiwo dá a lóhùn nínú jọ́nà kan náà pé ìtumọ̀ tí ó fún àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Èmi rò pé wọ́n ní ẹjọ́ tí ó yẹ kí a gbọ́. Ṣùgbọ́n inú agboolé kan ni mo ti rí ohun tí ó lè mú kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ sosiọ́lọ́jì ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun túmọ̀ ìbéèrè ìwádìí òun. Owó oúnjẹ ni ó ń wádìí: èló ni wọ́n ń ná, ènìyàn mélòó ni wọ́n sì ń ná an lé lórí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí àwọn oníwádìí fi ń pe àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí ìdílé. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá àgbà kan ni a kọ́kọ́ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. A kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Ìyá, ẹ mélòó ni ẹ wà nínú ìdílé yín?”

Wọ́n wò mí. “Ìdílé bàbá mi ni àbí ti ọkọ mi?”

Mo ní ti ọkọ wọn. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn ka àwọn tí ó wà ní Èkó mọ́ ọn. Kí n tó dáhùn, wọ́n ní, “Àti pé, ta ní ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ?”

Ní ilé kejì, bàbá kan ní àwọn lé ní 60, nítorí ìdílé tí oyè ń kárí ni ó gbọ́. Ní ilé kẹta, ọkùnrin kan ní àwọn jẹ́ 4: òun, ìyàwó òun àti ọmọ méjì. Ìdílé kan náà ni ọkùnrin yìí àti bàbá yẹn! Bí ọ̀rẹ́ mi bá pín owó oúnjẹ fún 60 níbì kan, tí ó pín in fún 4 níbòmíràn, irọ́ ni ìṣirò rẹ̀ yóò máa pa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó purọ́ fún wa. Èmi ni mo ṣì í tú. Ojú tì mí, pàápàá nítorí owó ọkọ̀ tí ó ti ná.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a padà lọ. Mo ti yọ ìdílé kúrò. Mo bi Ìyá pé, “Ta ni ẹ jọ sùn nínú ilé yìí lálẹ́ àná? Ta ni ẹ jọ jẹ nínú ìkòkò kan?” Wọ́n dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ni a kà wọ́n sórí ìwé, a kò sì kà á sókè. Orúkọ mẹ́fà ni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ télọ̀ láti Ìsẹ́yìn, tí kò bá wọn tan rárá. Àjọgbé ni, àjọjẹ ni, kì í ṣe àjọbí.

Inú wa ti ń dùn nígbà tí Ìyá béèrè pé, “Akin ńkọ́?”

A ní Èkó ni Akin ń gbé, kò sùn níbí, kò jẹun níbí.

“Akin tí ó ń fi owó gààrí ránṣẹ́ lóṣooṣù ni ẹ fẹ́ yọ?”

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Kò sí ibi tí Akin lè wọ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù béèrè ẹni tí ó ń jẹ nínú ìkòkò. Kò béèrè ẹni tí ó ń fi oúnjẹ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oúnjẹ gan-an ni à ń wádìí. Ọ̀rẹ́ mi fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ó kọ orúkọ Akin sí i. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé tí ó kù.

Àjọgbé, àjọjẹ, àjọbí: bí a ṣe tò wọ́n nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀ tí a lè bi ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí a bi yóò sì mọ ohun tí a ń wí. Mo rò pé ohun tí Lawuyi àti Taiwo ń béèrè kò jìnnà sí èyí.

Ọ̀rẹ́ mi ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ àkọlé méjì àkọ́kọ́ nínú tábìlì rẹ̀. Ó wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kẹta títí, kò rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì fi àjọbí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bá a fi bírò fi àmì ohùn sí i.