Èènì Kásínò: Ta Ló Sanwó Yàrá Ọ̀fẹ́?

Lórí ojú ewé ìṣòwò wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ la fẹ́ gbé síta: ìwé tí kásínò ń fi ránṣẹ́ sílé pé kí ẹ wá sun òtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ wá bá ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì lọ́fẹ̀ẹ́. A kò wá láti wàásù. Iṣẹ́ pásítọ̀ àti àfáà nìyẹn. Ìṣirò ni iṣẹ́ tiwa. Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ jẹ́ ká wo owó tó pa ọbẹ̀ yìí, àti àpò ẹni tí owó náà ti jáde.

1. Kí ni àǹfààní yìí gan-an?

Ẹni tó bá ti nájà ní Dùgbẹ̀ rí mọ èènì. Ẹ ra gàrí, ìyá oníṣòwò bu díẹ̀ kún un. Lára èrè tó jẹ lórí ọjà yín ló ti bu èènì náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kásínò rí.

Nítòsí wa níbí, Great Blue Heron ti wà lẹ́bàá Port Perry láti 1997, Pickering Casino Resort sì ṣílẹ̀kùn ní 2021. Ilé-iṣẹ́ Great Canadian ló ń darí méjèèjì, káàdì oníbàárà wọn sì ń jẹ́ Great Canadian Rewards. Wọn kì í gba owó fún káàdì náà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 19 lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kì í bọ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, kọ̀ǹpútà á máa ka iye tí ẹ ta àti bí ẹ ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Lórí àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọn yóò kọ̀wé sí àti ohun tí wọn yóò fún un.

2. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Ohun tí kásínò ń wò jù ni iye tó yẹ kí ẹ pàdánù bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, yálà ẹ jẹ lálẹ́ àná tàbí ẹ kò jẹ. Ní Ontario, àjọ AGCO tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ sọ pé, ní ìṣirò ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán dọ́là 85 padà nínú dọ́là 100 tí àwọn èèyàn bá ta. Ìyókù, ti onílé ni. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ tó ń mú dọ́là 10 nínú 100 ṣe àpẹẹrẹ:

- Ẹ ń ta dọ́là 1 lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà 500 láàárín wákàtí kan. Dọ́là 500 nìyẹn.
- Ìdámẹ́wàá rẹ̀, dọ́là 50, ni kásínò ń retí lọ́wọ́ yín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.
- Ní wákàtí 12, ó di dọ́là 600.
- Kásínò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ká ní wọ́n dá ìdá kan nínú mẹ́rin padà fún yín, dọ́là 150 nìyẹn, owó yàrá alẹ́ kan.

Ẹ wá wò ó: yàrá tí ẹ̀ bá fi dọ́là 150 san, dọ́là 600 ló gbà lọ́wọ́ yín. Lóòótọ́, ẹ lè jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sì lè pàdánù ju iye yìí lọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ lemọ́lemọ́, ìṣirò yóò bá a. Kò sẹ́ni tí í ra àpò gàrí mẹ́wàá nítorí èènì.

3. Bí a ṣe lè jẹ èènì láì jẹ gbèsè

Bí ó bá jẹ́ pé eré olórin lẹ fẹ́ lọ wò, tàbí ẹ fẹ́ gbé àlejò jáde lọ jẹun, kò burú kí ẹ gba ohun tí wọ́n bá fún yín. Ẹ kàn máa rántí ìwọ̀nyí:

- Láti ilé ni kí ẹ ti dá iye tí ẹ máa ná. Owó yìí ni kí ẹ mú dání, kí ẹ fi káàdì báńkì sílé. Bí ẹ bá fi káàdì gbèsè yọ owó tẹ́tẹ́, láti ọjọ́ náà ni èlé ti ń gorí rẹ̀.
- Ẹ má ṣe tìtorí àtigun ipò tó ga lórí káàdì fi kún owó tí ẹ ń ta. Bí owó ọwọ́ bá tán, eré tán.
- Ẹ ka ìwé wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. Owó eré ọ̀fẹ́ máa ń ní ọjọ́ tí yóò kú, ẹ kò sì lè gbà á lówó láì tíì fi ta. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ sábà máa ń ní owó èbúté àti owó àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa wá owó bàálù dé Miami. Òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas lè gba resort fee lórí yàrá ọ̀fẹ́. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó dúpẹ́.
- Lọ́dọọdún, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ pàdánù lọ́wọ́ kásínò. Kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n jọ kà á. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí ẹnì kan nínú ilé kò fẹ́ kí ẹnì kejì rí, ẹ ti rí ìdáhùn.

4. Owó orí àti ẹnubodè

Ní Kánádà, CRA kì í gba owó orí lórí owó tí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ fún ìgbafẹ́ bá jẹ. Bákan náà, ẹ kò lè yọ ohun tí ẹ pàdánù kúrò nínú owó orí yín. Ní Amẹ́ríkà, ó yàtọ̀: bí àlejò bá jẹ owó ńlá lórí ẹ̀rọ, wọ́n lè yọ 30% sílẹ̀ fún ìjọba wọn. Àdéhùn tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì jẹ́ kí ará Kánádà fi ohun tó pàdánù níbẹ̀ dín in kù nípa fọ́ọ̀mù 1040-NR, bí ó bá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì mú dọ́là Kánádà 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mímú un dání kò lòdì sófin. Àìsọ ọ́ ló lòdì.

5. Èènì tó sàn jù

Ẹ jẹ́ ká dá dọ́là 600 yẹn padà sórí tábìlì. Bí ẹ bá fi í sínú RESP, àkáǹtì ẹ̀kọ́ ọmọ, ìjọba àpapọ̀ máa ń fi 20% kún un. Dọ́là 120 nìyẹn, dọ́là 600 yín sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi 2,500 sí i lọ́dún, 500 ni wọn yóò fi kún un fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi pé 7,200. Nọ́ńbà SIN ọmọ àti àkáǹtì ni ẹ nílò. Ìwé RESP kì í ní àwòrán òkun àti ọkọ̀ ojú omi lára, ṣùgbọ́n èyí ni èènì tí kò gba gàrí padà.

Bí eré bá ti ń mú owó ilé tàbí owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé lọ, ẹ má ṣe fi ìtìjú dákẹ́. ConnexOntario ń gbé fóònù tọ̀sán tòru ní 1-866-531-2600. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í tú àṣírí. Ẹ tún lè fi ètò My PlayBreak ti OLG ti ilẹ̀kùn kásínò mọ́ ara yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó di ọ̀tẹ̀ mìíràn o.