Níbo Ni Capoeira Ti Wá? Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Rẹ̀ Dé Àǹgólà

Tí ẹ bá ti wo capoeira rí, ẹ ó mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ bóyá ijó ni àbí ìjà. Àwọn èèyàn á pagbo, wọ́n á máa kọrin. Àwọn méjì á bọ́ sáàárín, wọ́n á máa ju ẹsẹ̀ síra wọn, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1890, òfin ìjọba kà á sí ọ̀ràn. Ní 2014, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ayé.

Àmọ́ apá ibo ní Áfíríkà ló ti wá gan-an?

Láwọn ọdún 1960, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Albano Neves e Sousa sọ pé òun ti rí bàbá capoeira: eré kan tí wọ́n ń pè ní engolo, ní gúúsù Àǹgólà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kí nǹkan méjì jọra ò tíì tó ẹ̀rí.

Ìdí nìyẹn tí Matthias Röhrig Assunção, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Essex, àti ọ̀gá capoeira kan, Mestre Cobra Mansa, fi lọ sí Àǹgólà fúnra wọn. Wọn ò kàn dúró wòran. Wọ́n bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ya fíìmù, Cobra Mansa sì bá wọn ṣeré náà kó lè fi ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Kí ni wọ́n rí? Agbo wà níbẹ̀, orin wà, àtẹ́wọ́ wà, ìpa sì jọra. Àmọ́ berimbau, ohun èlò olókùn tó ń darí capoeira, kò sí nínú engolo. Irú rẹ̀ wà ní Àǹgólà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta á.

Ẹ tún wo agogo tí wọ́n ń lù nínú agbo capoeira: agogô ni wọ́n ń pè é ní Bràsíl, ọ̀rọ̀ Yorùbá tiwa gan-an! Ṣé capoeira wá di ti Yorùbá nìyẹn? Rárá o. Ohun èlò lè ti ibì kan wá, kí ìpa ti ibòmíràn wá. Bràsíl ni gbogbo wọn ti pàdé.

Ohun tó ń kanni lóminú ni pé àwọn tó mọ engolo dáadáa ti dàgbà. Ara wọn ni ìwé náà wà. Tí wọ́n bá lọ, ìwé náà bá wọn lọ nìyẹn. Nítorí náà, tí bàbá àgbà yín bá ja gídígbò nígbà èwe wọn, ẹ gbé fóònù, kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.