Oògùn tí ń mú ẹyin obìnrin gbó

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Ìjerò-Èkìtì béèrè ìdí tí obìnrin fi ní láti lo oògùn kí wọ́n tó fi àtọ̀ ọkọ rẹ̀ sínú ilé ọmọ rẹ̀, àti bóyá ìbejì ni yóò fi bí.

Ìdáhùn: Ẹyin kan ṣoṣo ni obìnrin sábà máa ń tú sílẹ̀ lóṣù, ti àwọn mìíràn kì í sì í jáde déédéé, ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún wọn ní clomiphene tàbí letrozole, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 5 ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, kí ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ lè tú FSH, ìyẹn hómóònù tí ń mú ẹyin dàgbà, sílẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ FSH gan-an wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ewu rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí skáànù bá fi hàn pé ẹyin ti gbó, wọn yóò gún abẹ́rẹ́ hCG tí ń tú u sílẹ̀, wọn yóò sì fi àtọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ sínú ilé ọmọ ní nǹkan bí wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn náà.

Ní ti ìbejì, Nylander, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, ti fi hàn ní 1973 pé FSH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì ju ti àwọn tí kò bí i rí lọ, hómóònù yìí kan náà sì ni oògùn ń gbé sókè. Nínú oyún 100 tí clomiphene bá mú wá, nǹkan bí 8 máa ń jẹ́ ìbejì. Bí ẹyin tí ó gbó bá ti pọ̀ jù, dókítà tí ó mọṣẹ́ yóò fagi lé ètò oṣù náà, nítorí a sábà máa ń bí ìbẹta láìpé oṣù, ilé ẹyin pẹ̀lú sì lè wú débi tí omi yóò fi kún ikùn. Nítorí náà, kò bójú mu rárá láti ra oògùn wọ̀nyí lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láìṣe skáànù, nígbà tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì kò jìnnà sí Ìjerò.