Ta Ló Ni Fáìlì Tó Kù Sórí Kọ̀ǹpútà Kàfé?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Báyìí la ṣe ń kí ara wa ní Ìkòyí tiwa, lágbègbè Kàbbà níbí. Kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó o. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí ìwà tó yẹ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tí gbogbo ayé jọ ń lò.

Mo mọ̀ pé fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ tẹ ìwé NIN tàbí èsì JAMB jáde, kàfé la máa ń sáré lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí o bá gba ìwé rẹ wálẹ̀ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú fódà Downloads. O sanwó, o gba ìwé, o lọ. Ẹ̀dà yẹn ò bá ẹ lọ. Ẹni tó bá jókòó tẹ̀lé ẹ lè rí orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, fọ́tò rẹ àti nọ́ńbà NIN rẹ.

Ṣé kí ẹni yẹn wò ó? Àwọn kan á ní, "Ṣebí òun ló fi sílẹ̀." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí ìyá àgbà kan bá gbàgbé àpò rẹ̀ sínú mọ́tò Kàbbà, ṣé ẹni tó jókòó tì í ló wá ni àpò náà ni?

Ní ọdún 1992, àjọ Computer Ethics Institute ní Amẹ́ríkà gbé òfin mẹ́wàá jáde fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà. Ìkẹta nínú wọn ní kí a má ṣe máa tú fáìlì ẹlòmíràn wò. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́yìn òfin yẹn. Ìwà ló gbé e ró.

Ti ìjọba wa wá ńkọ́? Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2015. Abala 7 rẹ̀ ní kí gbogbo kàfé forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ní ìwé tí oníbàárà á máa kọ orúkọ sí, tí àwọn agbófinró lè béèrè fún. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà kàfé lu jìbìtì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san ₦1,000,000, tàbí méjèèjì.

Àmọ́ ẹ wò ó: ìwé orúkọ yẹn náà ti di àkójọ ìsọfúnni àwọn èèyàn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ló bá irú èyí wí. Ó ní ẹni tó bá gba ìsọfúnni èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi gbà á, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó nílò rẹ̀.

Òfin méjèèjì dáa, ṣùgbọ́n wọn ò lè bá ẹ jókòó ní kàfé. Nítorí náà:

1. Kí o tó dìde, pa fáìlì rẹ rẹ́ nínú Downloads, kí o sì tú Recycle Bin dànù, torí ibẹ̀ ni ohun tí a bá pa rẹ́ kọ́kọ́ ń lọ.

2. Tẹ "Sign out" nínú ímeèlì rẹ. Pípa ojú ìwé dé nìkan ò tó. Àmì kékeré kan tó ń jẹ́ cookie lè ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, tí á máa sọ fún ìkànnì náà pé o ò tíì jáde.

3. Tí kọ̀ǹpútà bá ní òun fẹ́ bá ẹ tọ́jú password, sọ pé rárá.

4. Tí o bá rí fáìlì ẹlòmíràn, má ṣí i, má yà á ní fọ́tò. Pe oníkàfé kó pa á rẹ́.

Ìkẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ṣé ẹ mọ ìdí? Fáìlì tí a tú dànù kì í sábà parẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lórí hard disk. Kọ̀ǹpútà kàn máa ń ka àyè ibẹ̀ sí òfìfo ni, títí nǹkan mìíràn á fi gorí rẹ̀. Ẹni tó ní irinṣẹ́ lè hú u jáde. Kò sí bí o ṣe lè ṣọ́ra tó, ìwà ẹni tó jókòó tẹ̀lé ẹ ni àgádágodo tó kù.

Ìlú wa ò sì tóbi. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà níwájú rẹ lè jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá rẹ. Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú.