Ọwọ́ Àgbà àti Ìdérí Ìgò Òògùn

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ta ni kò mọ̀ pé kí tọmọdé tàgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́ ni òwe yìí ń wí? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀ràn ìyá àgbà kan ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, inú ń bí mi bí mo bá ti gbọ́ ọ.

Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìyá náà ń lò. Ìdérí ìgò rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lásán bí o bá ń yí i; àfi kí o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí o tó yí i. Bẹ́ẹ̀ làkúrègbé ti ká ìyá lọ́wọ́ kò. Ó ṣe bí òwe ti wí, ó bẹ ọmọ aládùúgbò níṣẹ́, ìyẹn sì bá a ṣí i. Láti ọjọ́ náà ni kò ti dé e mọ́, nítorí ta ni yóò máa wá ṣí i fún un láràárọ̀? Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ló bá ìgò náà lórí tábìlì, ó sì gbé òògùn inú rẹ̀ jẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyá ni gbogbo ènìyàn wá ń bá wí, wọ́n ní kò bìkítà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹni tó ṣe ìgò ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1970 ni òfin irú ìdérí yìí jáde, nítorí àwọn ọmọ kékeré tó ń gbé òògùn àti kẹ́míkà inú ilé jẹ. Láti dán ìdérí wò, wọ́n á kó ọmọ oṣù 42 sí 51 jọ, wọ́n á gbé ìgò lé wọn lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, àgbà á ṣí i lójú wọn, á tún fún wọn ní ìṣẹ́jú 5, á ní wọ́n lè fi eyín ṣí i. Nínú ọmọ 100, ó kéré tán 80 ni kò gbọdọ̀ lè ṣí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà wo ni wọ́n fi ń dán an wò nígbà náà? Ẹni ọdún 18 sí 45, tí ọwọ́ wọn ṣì le koko! Arúgbó tó ń lo òògùn jù lọ kò sí níbẹ̀. Ìdérí ń ṣòro fún wọn, wọ́n sì ń fi ìgò sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọdún 1995 ni ìjọba tó yí ìlànà náà padà sí ẹni ọdún 50 sí 70: 90 nínú 100 wọn gbọ́dọ̀ lè ṣí i, kí wọ́n sì tún lè dé e.

Ibí ni òwe wa ti kù díẹ̀ káàtó. Ó ka ọwọ́ àwọn méjèèjì sí àléébù tí ẹlòmíràn yóò máa bá wọn dí. Bí òògùn bá wà lórí pẹpẹ, ààbò ọmọdé ni pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ní ti àgbà, ẹni tó gé ẹnu kèrèǹgbè ni kí a bi léèrè pé ọwọ́ ta ló fi wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá ra òògùn fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí i, kí wọ́n sì dé e lójú yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ béèrè ìdérí tó rọrùn lọ́wọ́ apòògùn, kí ẹ sì wá àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún un. Òògùn inú káàdì náà, ẹ tì í mọ́lé; ọmọdé lè fi eyín ya á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì rọ kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Ọmọdé ti mọ ìgò yẹn, ohun mímu ló mọ̀ ọ́n sí.

Ìyá àgbà wa ti gba ìgò mìíràn. Ó ń ṣí i fúnra rẹ̀ láràárọ̀, ó ń dé e, ó sì ń gbé e padà sórí pẹpẹ.